‘Ẹ’ Tí Wọ́n Kọ́ Mi ní Barking

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Ẹ̀yìn Eastbury Manor House,
                                        Barking,
                                        Lọ́ńdọ̀nù.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Sàídátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le bí mo ṣe ń fẹ́ kó le? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ ti oògùn, àbí wọ́n ṣì ń fi ọ̀pá lé ọ kiri inú fúláàtì? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ọ̀gá onísùúrù, tí kì í la ẹnu títí oúnjẹ yóò fi délẹ̀? Bá mi kí gbogbo wọn kí o tó ka èyí tó kù, torí pé tí o bá kà á tán, inú ló máa bí ọ, o ò ní rántí kí ẹnikẹ́ni mọ́. Àwa náà wà láàyè. Eyín iwájú Eden méjèèjì ti ká, ó wá ń sọ̀rọ̀ bíi bàbá arúgbó. Ẹ̀rín ọmọ yẹn nìkan ló ń dùn mọ́ mi nínú ilé yìí lọ́wọ́lọ́wọ́.

O ti ń bínú pé o fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù títí, mi ò dáhùn. Má bínú. Ògiri ilé tí a kó wá yìí fẹ́lẹ́ bí ìwé, Ìyá Ìjọ Beatrice tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ló sì ń gbé ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀. Bí mo bá fẹnu sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, á ti dé ìpàdé àdúrà kí ìwọ tó gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bírò àti ìwé bí ọmọ iléèwé.

Ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ Barking ló gbé wa kúrò ní Camberwell. Ilé tí apá wa ká, tó ní ọgbà kékeré tí Eden lè máa sáré nínú ẹ̀, ibí la ti rí i. Mo wá ń tan ara mi pé Lọ́ńdọ̀nù náà ni, Yorùbá sì pọ̀ ládùúgbò, ara á tù wá. Irọ́ gbuu! Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, bí èèyàn bá pàdé rẹ lórí àtẹ̀gùn, ‘Báwo ni?’ ló máa kọ́kọ́ bi ọ́. Níbí, ‘Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ̀ ń lọ?’ ni. Wọn ò tíì mọ orúkọ rẹ, wọn ò mọ̀ bóyá o ti jẹun, wọ́n ti fẹ́ mọ ẹni tó ń gbàdúrà lé ọ lórí. Obìnrin kan tí mo pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Dagenham Heathway bi mí pé ta ló máa ń bá mi wo ọmọ tẹ́lẹ̀ tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Mo fi òtítọ́ inú sọ fún un pé Dávídì àti ọkọ rẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì tó ń gbé òkè wa ní Camberwell, ni. Sàídátù, obìnrin yìí gbé àpò iṣu rẹ̀ sílẹ̀ lórí títì, ó gbé ọwọ́ lé Eden lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já ìdè. Iṣu ń yí lọ sójú ọ̀nà, òun ń já ìdè. Eden ní, ‘Mummy, what’s she doing?’ Mo ní ó ń kí ọ ni.

Irú àwọn èèyàn tó yí wa ká nìyẹn. Wọ́n ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún ní ìlú yìí, ojú wọn kò rí nǹkan kan ju ìgbésí ayé ẹlòmíì lọ. Bí mo bá wọ ṣòkòtò jáde lọ síbi iṣẹ́, kọ́tìnì á mì. Bí Túbọ̀sún ọkọ mi bá ń sá aṣọ sórí okùn nínú ọgbà, kọ́tìnì á mì. Ká ní kọ́tìnì wọn lè sọ̀rọ̀ ni, à bá ti fi í joyè wòlíì.

Túbọ̀sún ló ní ká máa lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ lẹ́bàá ọ̀nà A13. Inú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ti tọ́ ọ dàgbà. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ń wá lọ síbẹ̀. Èmi ò sì lè bá òkú jà, mo wọ sùtánà, mo bọ́ bàtà, mo tẹ̀lé e.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ yẹn, ìsìn ti parí, òjò ti ń ṣú, Eden ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ pé òun fẹ́ lọ sílé. Mo rí ọkọ mi láàárín àwọn ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà. Mo ké sí i bí mo ṣe ń ké sí i láti ọjọ́ tí a ti mọ ara wa: ‘Túbọ̀sún! Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dà? Ṣé ìwọ lo mú un ni?’ Ó dà bíi pé mo fọ́ ìgò sílẹ̀. Ẹni tó ń ká àga dúró. Ẹni tó ń pa àbẹ́là dúró. Ìyá Ìjọ Beatrice, olórí àwọn obìnrin, fi ẹ̀rín músẹ́ wá bá mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí, ó ní, ‘Sister, pẹ̀lẹ́ o. Àbúrò rẹ nìyẹn, àbí?’ Mo ní, ‘Rárá mà, ọkọ mi ni.’ Wéré ló yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. Ó ní, ‘Ẹ̀jẹ̀ Jésù!’ Ó wá ń wo Eden bí ẹni ń wo ọmọ òrukàn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí sí ìpàdé àwọn ìyá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ wa ni ọ̀wọ̀ nínú ilé. Wọ́n ní kì í ṣe nítorí mi o, àmọ́ gbogbo obìnrin burúkú tí wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ ló ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, gbogbo wọn ló sì ń wọ ṣòkòtò. Wọ́n kà á fún wa pé Sárà pe Ábúráhámù ní olúwa. Mo nawọ́. Mo ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kì í ṣe Sárà yìí kan náà ló ní kí olúwa rẹ̀ lé Hágárì jáde, tí olúwa sì lé e?’ Ìyá kan ṣáà gbé orin. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, tí ọ̀rọ̀ bá ti há wọn lọ́fun, orin ni wọ́n á gbé.

Jẹ́ kí n tiẹ̀ sọ ẹni tó ń kọ́ mi lọ́wọ̀ fún ọ. Ará Èkìtì ni Ìyá Ìjọ Beatrice. Ìwọ náà mọ̀ pé ‘ẹ’ kì í gbé ẹnu àwọn ará ibẹ̀. Ìwọ ni wọ́n ń pe bàbá, ìwọ ni wọ́n ń pe ọba, kò sì dín ọ̀wọ̀ wọn kù rárá. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ara ògiri tó bá ń bá bàbá rẹ̀ arúgbó sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìwọ lọ́tùn-ún, ìwọ lósì, ìfẹ́ sì kún ohùn rẹ̀ débi pé èmi tí mo ń gbọ́ gan-an ń rẹ́rìn-ín. Tó bá gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ó di ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀: ‘Dádì wa, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn, ẹ lọ gbé bíìnì jáde. Ẹ kì í gbọ́ràn ni? Àfi kí n pariwo mọ́ yín?’ Bàbá náà á dìde. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́ lọ. Ojoojúmọ́ ni obìnrin yìí ń fi ‘ẹ’ na ọkùnrin yẹn kiri ilé, òun náà ni wọ́n ní kó wá kọ́ èmi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ!

Mo fi gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀sín, mo rò pé Túbọ̀sún náà ń bá mi rẹ́rìn-ín. Àṣé ó ti ń wọ̀ ọ́ lára. Àwọn ọkùnrin ń pè é ní Dádì Eden, wọ́n ń fún un ní àga níwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, bíi bàbá ìyàwó. Túbọ̀sún tí ìwọ náà mọ̀ o, tó máa ń so ìró mi mọ́dìí dín dòdò, tí ẹ jọ máa ń bú ara yín lórí bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ á fi ṣú! Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi òróró yàn án lọ́jọ́ ìkórè. Kìkì ohun kan ló kù. Àwọn àgbà ìjọ ní a kì í da òróró sí orí tí ìyàwó ń pè lórúkọ.

Ó wá bá mi ní ilé ìdáná. Ó ń yí ṣíbí kan po lọ́wọ́. Ó ní, ‘Bímbọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni. Ẹnu lásán ni. Kí ló máa ná ọ?’

Ẹnu lásán! Sàídátù, ẹnu yẹn la fi ń gbé. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí mo rò pé ó wà lókè tí èmi wà nísàlẹ̀. Ìwọ ni mò ń pè é tí a bá ń ṣeré, ìwọ ni mò ń pè é tí a bá ń jà. Ìwọ ni mo pè é nínú yàrá ìrọbí, tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ọwọ́ náà fi wú. Ohun tó ń ní kí n kó fún àwọn ará Barking nìyẹn, nítorí òróró inú ìgò. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an ni, àmọ́ mi ò jẹ́ kó hàn. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ fún un pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àti pé inú yàrá wa ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ gbé tíì fún un. ‘Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa, Dádì Eden?’ Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń fi í ṣeré. Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ‘Ẹ kú iṣẹ́ sà.’ Tó bá bi mí bí tèmi ṣe lọ, nílé ìwòsàn tí mo ti ń yẹ etí àwọn èèyàn wò, ‘Dáadáa ni sà.’ Ó parí. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sín gbogbo ọ̀gá mi jẹ fún un títí á fi máa di ikùn mú. Ṣé a máa ń sín ọ̀gá jẹ fún ọ̀gá ni? Kódà lórí ibùsùn, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún síwájú díẹ̀, ẹ ti fa búláńkẹ́ẹ̀tì lọ.’ Ó dìde jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò sí bí èèyàn ṣe máa sọ ‘ẹ’ fún ọkùnrin látàárọ̀ dalẹ́, kí ọkùnrin náà tún lè gbé apá lé e lórí bó ṣe ń ṣe. Eden bi mí pé, ‘Mummy, is Daddy a Grandpa now?’ Mo ní kó lọ wẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo di ẹ̀rí. Ìyá Ìjọ Beatrice dìde, ó gbọn sùtánà, ó ní, ‘Ẹ bá mi yin Olúwa! Sister Abímbọ́lá yìí, ṣé ẹ rántí bó ṣe wá? Agídí pọ́ńbélé! Strong head! Ẹ wò ó bó ṣe rọ̀ bí òwú!’ Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́ínmọ́ín wá sílé mi, àwọn tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀. Mo ń gba mọ́ínmọ́ín, mò ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Gbogbo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó yẹn, kò sí ẹnì kan tí etí rẹ̀ lè ya ‘ẹ’ ọ̀wọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘ẹ’ èébú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ọ, òun náà sì ni mò ń bú.

Ọjọ́ ìkórè pé. Wọ́n da òróró lé Túbọ̀sún lórí, ó ń ṣàn wá sí etí rẹ̀, kò nù ún. Wòlíì ìjọ náà ní kí ìyàwó wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, wọ́n gbé máìkì fún mi. Mo fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀. Mo ní: ‘Dádì Eden, olówó orí mi, olúwa mi. Ẹ̀yin lẹ gbé mi wá sí Barking, ẹ̀yin lẹ sọ mí di èèyàn. Kí n tó mọ̀ yín, mi ò mọ ara mi. Ohun tí ẹ bá ní kí n rí ni mò ń rí. Bí ẹ bá ní kí n dákẹ́, màá dákẹ́. Bí ẹ bá sì ní kí n má pè yín lórúkọ mọ́, màá gbàgbé orúkọ náà pátápátá, sà.’

Ilé hó. Halelúyà gba òrùlé. Ìyá Ìjọ Beatrice ń sunkún, ó ń fi ìborí nu imú. Túbọ̀sún náà ń sunkún. Wọ́n ní Ẹ̀mí ti bà lé e. Mo gbójú sókè wò ó, mo rí i pé kò sí Ẹ̀mí kankan níbẹ̀. Ó gbọ́ mi yékéyéké ni.

Mo rò pé mo ti borí. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ojú ọ̀nà nìkan ló ń wò nínú mọ́tò, mo gbà pé ojú ń tì í. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, inú mi dùn, mo ní eré yìí ti tó, mo lọ bá a nílé ìdáná níbi tó ti ń gé búrẹ́dì fún Eden. Mo ní, ‘Túbọ̀sún, o ti mu tíì?’

Kò yíjú. Ó ní, ‘Mo ti mu, ẹ ṣé mà. Tiyín wà níbẹ̀ yẹn, Mọ́mì Eden.’

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, ‘Túbọ̀, ó tó báyìí. Mo ti ṣíwọ́.’ Ó ní, ‘Rárá mà. Èmi ni mo ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Kò wá yẹ kó jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n á máa bọ̀wọ̀ fún.’ Kò pariwo, kò fajú ro. Ó kàn gbé oúnjẹ Eden sínú àpò rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀ mà.

Láti ọjọ́ náà, ‘ẹ’ ni mò ń jẹ, ‘ẹ’ ni mò ń mu. Kò fi nǹkan kan dù mí o. Ó ń fọ abọ́, ó ń mú Eden lọ síléèwé, ó ń bi mí bóyá òtútù ń mú mi. ‘Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e, mà.’ ‘Ẹ má dá ara yín láàmú, mà.’ Ká ní ó ń bú mi ni, mo mọ ohun tí mo máa ṣe.

Àwọn ará Barking ńkọ́? Èyí máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń sọ fún mi pé, ‘Ẹ jẹ́ ká máa lọ, mà.’ Ẹnu wọn kò tíì padé di bí mo ṣe ń wí yìí. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀rí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ti di àjẹ́. Ìyá Ìjọ Beatrice fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, ‘Abímbọ́lá, tell me the truth, kí lo fi sínú ọbẹ̀ ọkùnrin yẹn? Ọkùnrin ń sọ ẹ fún ìyàwó!’ Mo ní, ‘Ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ mi náà ni, mà.’ Wọ́n ti ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó tún gbé mọ́ínmọ́ín wá. Mo dúró, mo jẹ̀bi. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ̀bi. Kí wọ́n máa gbààwẹ̀ wọn lọ, àwọn aláìnítìjú. Tiwọn kò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí wà nínú ilé mi.

O mọ̀ mí, Sàídátù, mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èébú ló jáde. Ìwọ ló máa bá mi ṣe é. Pè é lórí fóònù. Má kí i, má bi í léèrè àlàáfíà. Bú u. Pè é ní Túbọ̀sún, pè é ní ọ̀dẹ̀, bú orí rẹ̀ tó ń pá, bú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá bú ọ padà, tètè gbé fóònù sílẹ̀ kí o má bàa bà á jẹ́, ara rẹ̀ ti ń yá nìyẹn. Àmọ́ bó bá ní ‘Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà’ fún ìwọ náà, má sọ fún mi.

Àná ni mo ń gé àlùbọ́sà, ọ̀bẹ yọ̀, ó gé mi lọ́wọ́ wọnú. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sílẹ̀. Túbọ̀sún sáré wọlé, ó gba ọwọ́ náà mú, ó ń fi omi ṣàn án. Mo ń dúró kó jágbe mọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe, kó ní, ‘Ìwọ yìí, ojú rẹ ńkọ́?’ Ó ní, ‘Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jókòó.’ Mo jókòó, mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ọwọ́ ló ń dùn mí, ó tún ní, ‘Ẹ pẹ̀lẹ́.’

Bá mi kí Ìyá, kí o sì sọ fún Dávídì àti ọkọ rẹ̀ pé Eden ń béèrè wọn lójoojúmọ́. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ gbogbo yín.

                                        Èmi ni, ẹni tí ìwọ ṣì ń pè ní ìwọ,

                                        Bímbọ́.